"Ẹ́ńjìnì Ti Kú": Kẹ́ Ẹ Tó Lọ Ra Òmíràn, Ẹ Gbọ́ Eléyìí

Bóyá inú dáńfó lẹ wà pẹ̀lú íápíìsì létí, bóyá ẹ ń fọ aṣọ nílé, bóyá inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland Bridge lẹ há sí, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá ẹ́ńjìnì àwọn ọkọ̀ tó ti lo ọdún 15, ọdún 20 lókè eèpẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni màá kà. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Corolla 2001 ni mo ní. Ó ń jẹ ọ́ìlì gan-an, mo máa ń da lítà kan kún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé èrò orí áàpù, mi ò sì tíì san owó kóparétíìfù tí mo fi rà á tán. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ni, àbí kí n tún un ṣe?"

O ṣé, àbúrò. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òmíràn wà tó ṣáájú rẹ̀: kí ló ń jẹ ọ́ìlì náà gan-an? Ẹ́ńjìnì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Irin, rọ́bà àti wáyà lóríṣiríṣi ni wọ́n kó pọ̀ tó di ẹ́ńjìnì. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe láti gbó kíákíá ká sì jù wọ́n nù. Àwọn kan sì wà tó lè pẹ́ ju ẹni tó ra ọkọ̀ lọ. Tí ẹnì kan bá ní "ẹ́ńjìnì ti kú", tí kò sọ èwo nínú wọn ló kú, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí, torí òun ni wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnì fún èèyàn jù.

Ọ́ìlì lè máa jò sílẹ̀ lásán. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ páàkì sí láàárọ̀. Oil seal àti gasket tó ti gan bí igi ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ìwọ̀nyẹn kì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe rárá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, ó parí.

Tí kò bá jò, á jẹ́ pé ó ń jó. Ẹ fojú wo èéfín tó ń jáde nídìí ọkọ̀, torí ó ń sọ̀rọ̀. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Èéfín dúdú, pẹtiróòlù ló pọ̀ jù nínú iná. Ti àbúrò wa á jẹ́ búlúù, ṣùgbọ́n a ò tíì débì kankan, torí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà tí ọ́ìlì lè gbà dé ibi iná.

Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní PCV valve. Afẹ́fẹ́ àti èéfín tó bá jò kọjá piston bọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, òun ló ń fà á padà lọ sókè kí iná lè jó o. Tí ìdọ̀tí bá dí i pa, agbára èéfín yẹn á máa wá ọ̀nà àbáyọ, á sì máa ti ọ́ìlì jáde. Tó bá sì wà ní ṣíṣí gbayawu, á máa fa ọ́ìlì mu bí ẹni fi sítíróò mu sóòdà. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ẹ fi mì létí: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó bá ṣì dára. Ká tó pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ ìyẹn ná.

Valve seal náà wà. Rọ́bà kékeré ni, ọrùn valve ló máa ń wà nínú top cylinder. Tó bá ti gbó, ọ́ìlì á máa kán wọlé lóru nígbà tí ọkọ̀ wà ní ìdúró. Tẹ́ ẹ bá wá ṣáná sí i láàárọ̀, á tú èéfín búlúù bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á mọ́. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lójú ọ̀nà ni èéfín náà ń jáde, tí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń ṣépè, ring ló ṣeé ṣe kó jẹ́.

Ring ni òrùka irin tó yí piston ká. Mẹ́ta ló wà lórí piston kọ̀ọ̀kan: méjì tòkè ń dí agbára iná kó má bọ́ sílẹ̀, ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ ń nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ẹ rántí ìyàtọ̀ yìí o, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ohun èèlò kan wà tó ń jẹ́ compression gauge. Mẹkáníìkì tí kò bá ní in, kó lọ yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á dè é mọ́ ojú ihò rẹ̀, wọ́n á wá fi kick starter yí ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tí ara rẹ̀ le máa ń gbé e dé nǹkan bíi 150 sí 200 psi. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ wò. Tí mẹ́ta bá ń sọ 180, tí ọ̀kan ń sọ 100, sílíńdà kan ló ń ṣàìsàn, ìyókù wà láàyè. Kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ọ̀kan tó ń ṣàìsàn yẹn, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Tí nọ́ńbà bá fò sókè, ring ló ti jẹ, torí ọ́ìlì yẹn ti bá a dí àlàfo fún ìgbà díẹ̀. Tí kò bá gbéra, ẹ wo òkè: valve tàbí gasket.

Gbogbo èyí ò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Mi ò mọ ìdí tí èèyàn á fi lọ ná owó ẹ́ńjìnì láìkọ́kọ́ ná owó wákàtí kan.

Ó ku ibi tó kan Corolla gan-an. Ẹ́ńjìnì 1.8 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, láti 1998 títí dé 2008, 1ZZ-FE lorúkọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní àléébù kan. Lẹ́yìn ring kẹta tó ń nu ọ́ìlì, ihò wà lára piston tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀. Wọ́n dá àwọn ihò yẹn kéré jù, wọn ò sì pọ̀ tó. Tí ọ́ìlì bá ti gbó nínú ẹ́ńjìnì, tí wọn ò tètè pààrọ̀ rẹ̀, á jó di èédú, á dí ihò náà, ring á há sójú kan, kò ní lè nu nǹkan kan mọ́. Toyota yí piston yẹn padà nígbà tó yá, wọ́n fi ihò púpọ̀ sí i.

Ẹ rí i báyìí pé ring tó há ni ẹ̀kẹta. Méjì tòkè lè wà pa. Ìdí nìyẹn tí Corolla kan fi lè máa mu ọ́ìlì bí omi, síbẹ̀ tí compression rẹ̀ dára, tó ń sáré, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ọ́ìlì á fi gbẹ nínú rẹ̀. Ìgbà tí ọ́ìlì bá gbẹ yẹn ni ẹ́ńjìnì máa ń nọ́ọ̀kì. Àìmọye ẹ́ńjìnì ló jẹ́ pé àìwo dipstick ló pa á. Ring tó há kọ́ ló pa á.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnì 2.4 tó ń jẹ́ 2AZ-FE nínú àwọn Camry 2007 sí 2009, èyí tí à ń pè ní Muscle. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn oníbàárà pariwo, Toyota fa àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ gùn fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò ọ́ìlì, piston tuntun àti ring tuntun ni wọ́n fi sí i. Ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ má dààmú ara yín láti wá a kiri. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì náà gan-an gbà pé piston ló níṣòro.

Ẹ wá gbé e lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àrárọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn. Ẹ ra ẹ́ńjìnì "Belgium", ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ lókè òkun. Irú ẹ́ńjìnì kan náà, ọdún kan náà, piston kan náà, ihò kékeré kan náà! Ó lè ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà, ó lè ṣe dáadáa fún ọdún méjì, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n àìsàn tẹ́ ẹ sá fún nílé lẹ tún lọ fowó rà lọ́jà. (Ẹ̀rín.) Ẹ ò mọ maili tó ti rìn, ẹ ò mọ bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún àbúrò wa: tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ring ni, tí ògiri sílíńdà ò sì ní ojú ọgbẹ́, kó pààrọ̀ piston àti ring sí èyí tí wọ́n ti tún ṣe, kó má pààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n kó máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti rí i tí wọ́n fi ring tuntun sórí piston àtijọ́ láìfọ ihò èédú yẹn. Owó ti wọ igbó nìyẹn. Ògiri sílíńdà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ róbótó gan-an, kí wọ́n fi ohun èèlò wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí wọ́n fi ìka pa á lára. Tó bá ti jẹ yálà lápá kan, ring tuntun ò ní bá a mu, èéfín á padà wá. Àti pé iṣẹ́ inú ẹ́ńjìnì kọ́ ni ti abẹ́ igi máńgòrò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yanrìn. Iyanrìn díẹ̀ nínú con bearing, ẹ ti tún padà sí ẹsẹ àárọ̀.

Ìgbà wo ni pípààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnì wá bọ́gbọ́n mu? Tí con rod bá ti já, tó sì lu ihò sára block, kò sí àwíjàre. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná débi pé block fúnra rẹ̀ ti sán. Tí crankshaft bá ti jẹ kọjá ohun tí wọ́n lè fá. Tàbí nígbà tí iye àtúnṣe bá ti ń súnmọ́ iye ẹ́ńjìnì, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mélòó tí ọkọ̀ fi máa dúró ni ebi máa fi pa yín. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni overhaul tí kò ní kọ́núnkọ́họ, ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ lè wọlé láàárín ọjọ́ méjì. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, ọjọ́ náà lówó lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ tán. Àwọn èèyàn máa ń fi iye overhaul wé iye tí wọ́n dá lé ẹ́ńjìnì lọ́jà, wọ́n á ní ẹ́ńjìnì ló rọrùn. Wọ́n gbàgbé pé ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ tí ẹ gbé wálé náà ń fẹ́ oil seal tuntun, ọ́ìlì àti filter, púlọ́ọ̀gì, thermostat, ó sì lè jẹ́ water pump pẹ̀lú. Tó bá ń lo timing belt, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ìyẹn kó tó wọ inú ọkọ̀, nítorí ẹ ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, tí belt bá já lórí eré, piston á lu valve, valve á tẹ̀, ẹ ti wọ gbèsè tuntun. Belt, a kì í tún un ṣe. Kò sí ẹni tó lè wò ó lójú kó mọ ọjọ́ tó máa já.

Lọ́jà náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Tí inú rẹ̀ bá dúdú ki bí ọ̀dà, ẹ máa lọ. Tó bá funfun bí mílíìkì, omi ti bá ọ́ìlì pàdé nínú rẹ̀, ẹ sáré lọ. Ẹ wo ihò tí omi ń gbà bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ní kí wọ́n fi bátìrì yí i, kí ẹ wọ̀n compression. Ẹni tó bá kọ̀, ó ní ìdí tó fi kọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìdánwò sára rìsíìtì, torí "mo fún ẹ lọ́jọ́ méje" tí wọ́n fẹnu sọ máa ń dínkù tẹ́ ẹ bá padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Thermostat. Ta ló sọ fún wa pé ká yọ thermostat sọnù torí pé ilẹ̀ wa gbóná?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, thermostat á tì, omi á máa yí po inú ẹ́ńjìnì nìkan kó lè tètè gbóná. Tó bá tó nǹkan bíi 82°C, á ṣí, omi á gba inú rédíétọ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń ti ọ̀nà kejì tó ń dá omi gbígbóná padà sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ wá yọ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì wà ní ṣíṣí, omi gbígbóná kan ò dé rédíétọ̀ rárá. Lójú ọ̀nà tó já geere, ẹ́ńjìnì á tutù jù, brain box á rò pé àárọ̀ kùtù ni, á máa da epo kún epo. Nínú gosiló, ẹ́ńjìnì kan náà lè gbóná jù. Ohun tó ná yín ní owó jẹun lẹ yọ, gasket ló máa gba owó náà padà lọ́wọ́ yín. Thermostat tó bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló ń mú kí omi ní agbára tí kò fi ní tètè hó. Kẹ́ ẹ sì lo coolant, omi ẹ̀rọ ìta ń mú irin dípẹtà.

Tó bá wá ti gbóná jù ná, tí gasket ti jó, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni top cylinder ti bàjẹ́. Aluminium ni, ó máa ń ká. Wọ́n á gbé irin tó tọ́ lé e lójú, wọ́n á fi abẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní feeler gauge wá àlàfo. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, 0.05 mm ni òpin tí wọ́n gbà, ìyẹn nǹkan bí ìdajì sisanra abala ìwé kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfá lè fá ojú rẹ̀ kó tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Àtúnṣe tó pójú owó nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n fi gasket tuntun sójú top cylinder tó ti ká, kí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù dí i.

Àwọn tó ní Camry Big Daddy, ti 2002 sí 2006, tó jẹ́ 2.4, ẹ tẹ́tí. Ẹ́ńjìnì 2AZ-FE náà ló wà níbẹ̀, àìsàn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bolt tó de top cylinder mọ́ block, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn, máa ń tú, nítorí ojú tó dì mọ́ nínú block aluminium náà ti yọ̀. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á pààrọ̀ gasket lẹ́ẹ̀mẹta, omi á ṣì máa gbẹ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò náà fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi irin tó ní ojú tuntun wọ̀ ọ́ nínú, kí bolt lè rí ibi dì mú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì ní kó lo torque wrench. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn bàbá wa tó lo Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ tiwọn kì í kú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n ń to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, ọ̀nà Badagry, lọ́dún kan náà. Wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ yẹn kí wọ́n lè ṣeé tún ṣe. Sílíńdà 504 jẹ́ àpò irin tó dá dúró, tó bá jẹ, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú piston tirẹ̀. Crankshaft ńkọ́, wọ́n á fá a, wọ́n á ra bearing tó nípọn díẹ̀ sí i. Ohun tí mẹkáníìkì ń pè ní "ten" àti "twenty" nìyẹn, 0.25 mm àti 0.50 mm. Carburettor, wọ́n á tú u, wọ́n á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ ihò rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ gasket rẹ̀. Kódà rédíétọ̀ wọn jẹ́ bàbà, oníjóòrin kékeré lè jó o.

Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Rédíétọ̀ tiwa ní ike lókè àti nísàlẹ̀. Ike tó bá ti sán, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa gbà á láyè pẹ́, torí omi gbígbóná tó ní agbára ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ra òmíràn. Ignition coil, oxygen sensor, fuel pump, wọn ò ní inú tí èèyàn lè tú. Nozzle tó ń fọ́n epo nìkan ló ṣì gbà ká fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó sì sábà máa ń gbọ́. Alternator àti kick starter sì wà ní ipò ti àtijọ́: tó bá jẹ́ carbon brush tàbí bearing ló jẹ, réwáyà tó mọṣẹ́ á tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan, á sì máa dára ju àlòkù tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ. Púlọ́ọ̀gì iridium, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà nù ún o. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ìnù yẹn ló ń bà á jẹ́.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gbà yín lọ́wọ́ àwọn kan nínú ìnáwó yìí. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD2 lábẹ́ sítíà. Scanner kékeré kan wà tó ń lo Bluetooth, ẹ kì í bọ́ sínú ihò náà, ẹ ṣí áàpù lórí fóònù, á ka kóòdù tó mú kí iná check engine tàn. Àmọ́ kóòdù kì í sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tó ń dun ọkọ̀ ni. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra oxygen sensor, nígbà tó jẹ́ páìpù rọ́bà kan tó ya lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ló ń fa afẹ́fẹ́ mu, tàbí fuel pump ló ti rẹ̀.

Ọ̀kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe fúnra yín. Tí ẹ bá rí P0301, sílíńdà àkọ́kọ́ kò jó dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní coil tirẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé coil ti àkọ́kọ́ sí ibi ti ìkejì, ẹ gbé ti ìkejì sí ti àkọ́kọ́. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Tí kóòdù bá di P0302, coil yẹn ló bàjẹ́, ẹ ra ẹyọ kan. Tó bá ṣì jẹ́ P0301, coil kò jẹ̀bi, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì àti nozzle wò. Ẹni tí kò ṣe èyí á ra coil mẹ́rin.

Ẹ sì máa fi fóònù yẹn ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lára ohun tí wọ́n tú kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹni tó ń tajà lè sọ pé "ìkan náà ni", ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló mọ̀. Tí mẹkáníìkì bá sì pààrọ̀ nǹkan, ẹ gba èyí tó yọ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ti àtijọ́ sínú búùtù." Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Tí ẹ bá ti pinnu pé odidi ẹ́ńjìnì lẹ máa pààrọ̀, ẹ ṣì ní iṣẹ́ kan lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ọlọ́pàá bá sì fi méjèèjì wéra lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi léèrè. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà nínú, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín kí wọ́n tún un kọ. Ẹ ya àwòrán rìsíìtì yẹn pamọ́ sórí fóònù, torí bébà inú pigeon hole kì í pẹ́ tó fi máa ń parẹ́.

Àbúrò tó ni Corolla, bẹ̀rẹ̀ láti ara PCV valve, kó o sì fi nọ́ńbà compression mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gearbox ló kàn. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń já nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lójú kan, ẹ kọ ọdún ọkọ̀ yín àti ohun tó ń ṣe ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́bọ̀. Ó dàbọ̀ o.